Omi Tútù Nínú Etí Àbúrò Mi

Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n ni wọ́n ń pe àbúrò mi, nítorí kò sí akunlé tó lè fa ìlà ọ̀dà bíi tirẹ̀. Bó bá fà á tán, èèrà á tò lé e lórí bí ọmọ ogun. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi gun àkàbà, kò ṣubú rí.

Ìgbà tó wá ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, èmi tí mo dá kọ́ ìwé débi pé dókítà ń wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi, mo ní ọtí ni. Mo lọ síbi iṣẹ́ wọn, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ lójú ọ̀gá wọn, mo ní kó rìn lórí rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kẹta, ó ti yà bàrá.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹnu kan ọtí. Méjì-méjì ni mò ń rí nǹkan."

"Kí ni ọ̀mùtí tún ń rí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi bí dókítà bá kọ̀wé pé kì í ṣe ọtí.

Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí ọsibítù. Mo tẹ̀ lé wọn, kí n lè gbọ́ ọ létí ara mi pé mo jàre. Nọ́ọ̀sì ní òun máa rọ omi tútù sí i létí, òun á sì máa wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí.

"Ojú ló ń ṣe é, ẹ ń fomi sétí? Ẹ kọ́kọ́ rọ ọ́ sí tèmi! Àrá sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yìí rí, kò mì."

Ó yẹ etí mi wò, ó rọ ọ́. Yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Mo di aṣọ nọ́ọ̀sì mú, mo ń ké pe ìyá mi tó ti kú.

"Ara yín le, bàbá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ojú méjèèjì á jọ máa sáré."

Ó kan àbúrò mi. Ojú ọ̀tún ń sáré. Tòsì dúró gbagidi. Dókítà ní etí rẹ̀ dá ṣáṣá, iṣan tó ń yí ojú òsì ló ń ṣàìsàn. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀gùn kan fi ń di méjì, tí ẹsẹ̀ ò mọ èyí tí yóò tẹ̀.

Nígbà tá a padà síbi iṣẹ́, ọ̀gá ka ìwé tí dókítà kọ lójú gbogbo akunlé. "Ta ló wá ní ọtí ni?"

Àbúrò mi wojú mi, ó ń fún mi láyè láti jẹ́wọ́. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń so okùn bàtà mi.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀," ni àbúrò mi wí nígbẹ̀yìn.

Wọ́n gbà á padà, ó ń po ọ̀dà nílẹ̀ títí ojú yóò fi sàn. Èèyàn bí igba ni mo ti ròyìn ọjọ́ náà fún, mo sì máa ń ní èmi ni mo fura, èmi ni mo mú un lọ sí ọsibítù. Nígbà mìíràn, òun náà á jókòó síbẹ̀. Kò já mi nírọ́ rí.