Àmín Tí Mo Ṣe Níwájú Bíṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ẹ̀pẹ́ fún yín. Ó ti pẹ́ nínú mi, mo sì rò pé ó yẹ kí n tú u sílẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé aránṣọ ni mí ní Ìtamàga. Mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, mo sì ń rán aṣọ àwọn Fadá. Mo bí obìnrin méjì kí n tó bí Kọ́lá, ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ní. Kọ́lá wà ní sẹ́mínárì, ó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé wọ́n ní kó lọ lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ kó tó padà sí sẹ́mínárì. Ibi tí wọ́n sì ní kó lọ, ìlú kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé Fadá kan níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà.

Láti ìgbà tí Kọ́lá ti sọ fún mi ni mi ò ti lè jókòó. Mo rán apá aṣọ òsì sí ọ̀tún, mo tú u, mo tún rán an síbẹ̀. Bàbá Kọ́lá ní kí n fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé Ọlọ́run ló máa wa mọ́tò tí ọmọ á wọ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ la wà tí wọ́n fi kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n lè jíròrò lórí ìṣòro tó ń bá Ìjọ àti ìlú fínra. Fadá wa ní kí n bá wọn lọ tọ́jú aṣọ Mísà, kí n máa lọ̀ ọ́, kí n máa tún èyí tó bá tú rán. Mo ti fẹ́ sọ pé mi ò ráyè, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù ìlú tí wọ́n ń rán Kọ́lá lọ máa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé mo tún lè jókòó sílé?

Èrò mi ni pé màá rí wọn lójúkojú, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi Kọ́lá sílẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mi ò sọ fún Kọ́lá. Mi ò sọ fún bàbá ẹ̀.

Mo gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ, mo sì wọ̀ sọ́dọ̀ màmá mi ní Ẹ̀pẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí èmi náà. Ilé ọkọ ni mo ti di Kátólíìkì. Màmá nìkan ni mo sọ ohun tó gbé mi wá fún. Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ, mo rò pé wọn ò gbọ́. Nígbà tó yá wọ́n bi mí pé ta ni mo fẹ́ kí wọ́n rán lọ dípò Kọ́lá. Mo ní ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni yẹn, ṣé kò ní ìyá ni?"

Inú bí mi. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n fọ̀.

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ni wọ́n fún mi láti máa lọṣọ. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ ebi. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jápa, àti àwọn tí kò jápa ṣùgbọ́n tí wọn ò wá sí Mísà mọ́. Wọ́n wá dé orí ìjínigbé, ẹnì kan sì ń pè é ní challenge. Challenge níbí, challenge lọ́hùn-ún. Kí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ wọgbó, ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní challenge nìyẹn? Mo tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ funfun kan, díẹ̀ ló kù kí n jó o.

Nígbà náà ni bíṣọ́ọ̀bù míì gba ọ̀rọ̀. Ohùn tiwọn lọ sílẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé Fadá ní agbègbè àwọn, àwọn fúnra àwọn làwọn lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ronú ohun táwọn máa sọ láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà táwọn débẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde, àwọn kàn jókòó ti ìyá náà ni. Wọ́n dárúkọ ìlú wọn. Ibi tí Kọ́lá ń lọ ni!

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tù mí nínú o. Ńṣe ló dá kún ẹ̀rù mi. Mo rí ara mi lórí àga ìyá yẹn.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Mísà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sáré wá pè mí. Ìṣẹ́tí kásọ́ọ̀kì bíṣọ́ọ̀bù kan ti tú, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Mo gbé abẹ́rẹ́ àti òwú. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn ni mo mọ̀ pé àwọn náà ni. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ojú wọn jọ ojú ẹni tí kì í sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí kì í ṣe Kátólíìkì. Táwa bá rí bíṣọ́ọ̀bù, a máa ń kúnlẹ̀, a ó fẹnu ko òrùka ọwọ́ wọn, wọ́n á súre fún wa, a ó dìde. Kò sí àlàyé kankan níbẹ̀. Èmi sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ìsàlẹ̀ aṣọ ni mò ń rán. Mo rán an tán, mo yọ píìnì kúrò lẹ́nu, mo ní, "My Lord, ẹ jọ̀ọ́, mo lọ́mọkùnrin kan ní sẹ́mínárì, Kọ́lá lorúkọ ẹ̀. Òun nìkan lọ́kùnrin tí mo bí. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń rán an bọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá..."

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Omi ti lé ròrò sójú bàbá. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣọ́ Kọ́lá ní àlọ àti àbọ̀. Mo ní àmín. Wọ́n ní ojú mi ò ní rí ibi ọmọ. Ó ku díẹ̀ kí n pariwo àmín. Wọ́n ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá yìí, kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gbà á, kó sì lò ó níbi tó bá wù ú.

Mo ní àmín.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ló kọ́ wa báyìí ná? Àgbà ń ṣàdúrà, ẹnu ti ń ṣe àmín, etí ò tíì gbọ́ tán. Kí n tó mọ ohun tí mo fọwọ́ sí, wọ́n ti fà mí dìde, wọ́n ti wọ ìlà, orin ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Gbogbo Mísà yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde. Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, pé mi ò wá fa ọmọ kalẹ̀, mo wá gbà á padà ni. Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Ẹyin lohùn. Nígbà tí mo máa fi gbójú, wọ́n ti wọlé lọ jẹun.

Mo padà sílé, mo ròyìn fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣe àmín sí àdúà láti kékeré, àwọn ò rí ẹni tó fi àmín gbé ọmọ ẹ̀ kalẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹkún ni mò ń sun, wọ́n fà mí mọ́ra.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù dún. Kọ́lá ni. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù ti gba nọ́ńbà òun lọ́wọ́ Fadá wa, wọ́n ti pe òun, wọ́n ní màmá òun kúnlẹ̀ níwájú àwọn, ó sì fa òun kalẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ó wá ní, "Màmá, ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò kàn sọ fún yín ni. Mo ti fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rán mi lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin bá lè yọ̀ǹda mi, kí lèmi tún ń bẹ̀rù?"

Ohun tí mò ń wá lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi náà ń wá a, èmi ni mo sì fi àmín dí i lọ́nà!

Mo lè dákẹ́. Ìgboyà tó bá ti dé sí i lára, kí n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Àmọ́ bó bá gba ọ̀nà yẹn torí ìgboyà tí mi ò ní, tí nǹkan wá ṣe é ńkọ́? Mo ní, "Kọ́lá, mi ò yọ̀ǹda ẹ. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹnu mi ló ṣe àmín."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ó wá kù sọ́wọ́ èmi báyìí."

Ó lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń ba òun, ẹ̀rù sì ń ba ìyá òun. Bàbá ò bínú. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn náà nígbàkígbà táwọn bá gba ọ̀nà yẹn, pé kó lọ rò ó, bí kò bá wá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kọ́lá rò ó. Èmi ń gbàdúrà kó ní òun ò lọ.

Ó lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ kò pọ̀. Kéèyàn gbọ́ àdúrà dé ìparí kó tó ṣe àmín, ìyẹn kan. Ṣùgbọ́n èyí tó jù ni pé ká má fi ẹ̀rù wa pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Èmi àti Kọ́lá ń fi í pamọ́ fún ara wa, díẹ̀ ló kù kí kálukú máa gbé ìgbésẹ̀ lórí irọ́ ẹnì kejì.

Báyìí, bó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, á pè mí. Bó bá gúnlẹ̀, á tún pè. Láàárín ìpè méjèèjì, mi ò lè jókòó ti ẹ̀rọ, bọ́tìnnì ni mo máa ń fọwọ́ rán. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀, wọn kì í bá mi dárò, wọn kì í sì í bi mí ní nǹkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lọ́nà jíjìn, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ń retí ìpè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́lá wọ ọkọ̀ láàárọ̀ yìí. Kò tíì pè.