Hasabo, Ẹni Tó Ń Kí Ilẹ̀

Ọjọ́ tí àwọn ará àgọ́ gbẹ́ ilẹ̀ yí Hasabo ká ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ní gbogbo aṣálẹ̀ agbègbè Abu Hamad. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń wá wúrà, èyí tí àwo rẹ̀ fẹ̀ tó abọ́ oúnjẹ ènìyàn mẹ́fà. Ó jókòó sórí àpótí láti mu tíì, ó gbé ẹ̀rọ náà ti itan rẹ̀, ẹ̀rọ sì ké. Ó dìde, ó fi àwo wo ilẹ̀ ibẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún jókòó, ó tún ké. Ó gbé àpótí síwájú ní ogún ìṣísẹ̀, ó jókòó, ẹ̀rọ sì figbe ta bí ọmọ tí ebi ń pa.

Hasabo ní wúrà ń tẹ̀ lé òun. Kò pẹ́ tí ogójì ọkùnrin fi kó ṣọ́bìrì dé. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ihò ti yí i ká, ó wá ku òun àti àpótí àti ife tíì rẹ̀ lórí ilẹ̀ kékeré kan láàárín. Ibẹ̀ ló ti pe Sittana ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù pé kó wá gbọ́ bí wúrà ṣe ń ké. Sittana tẹ́tí sí i títí.

“Bàbá Rihab,” ó ní, “irin tí wọ́n fi sí itan yín ní ilé ìwòsàn Atbara ńkọ́?”

Irin gígùn kan ni, láti ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti dojú dé pẹ̀lú rẹ̀. Hasabo wo itan ara rẹ̀. Ó wo ogójì ọkùnrin tó wà nínú ihò. Ó wá rọra sọ sínú fóònù pé, “Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi àkàbà gbé mi jáde.”

Tayfur, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá wúrà fún ọdún mọ́kànlá, ló tún sọ ìtàn yìí fún Sittana nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń lọ sí àgọ́ náà láàárọ̀. Ó mọ̀ pé Sittana mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Ó kàn fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Hasabo kú. Ó jókòó mu tíì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì dìde mọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín sí ìsàlẹ̀ òkè dúdú, nínú ilẹ̀ tó le débi pé ihò náà kò ju ìbàdí lọ. Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá gbá àwọn òkúta orí ibojì lọ. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan ti fẹ́ fi katapílà ha gbogbo ibẹ̀, lọ́la ni iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àwọn awakọ̀ ní bí wọ́n bá fi ibojì náà han òun kí oòrùn tó wọ̀, àwọn á yà fún un. Òun ò lè yà fún ohun tí òun ò rí.

Àpò òkúta kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Sittana. Tayfur mọ àwọn òkúta náà dáadáa, kò sì béèrè ìdí tó fi gbé wọn dání.

Nínú aṣálẹ̀ yẹn, òkúta dúdú tó ní irin nínú máa ń ké lábẹ́ ẹ̀rọ bíi wúrà, pàápàá bí oòrùn bá ti mú un gbóná. Àwọn ẹlòmíì á ta á nù. Hasabo á kó o lọ sílé. Ó ní òpùrọ́ ni wọ́n, òun ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Sittana fi wọ́n tẹ òrùlé ilé adìẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé mọ́ṣáláṣí lọ́dún kan, kò mi ti àwọn adìẹ wọ̀nyí.

Bí Hasabo ṣe ń dá òpùrọ́ mọ̀ kò le. Bí àwo bá gba ọ̀tún wá, òkúta á ké. Bó bá gba òsì wá, á dákẹ́. Ohun tó jẹ́ òótọ́ máa ń ké lápá méjèèjì. Ó wá ń fi èyí bá ènìyàn lò pẹ̀lú. Á bi ẹni tó ń ta dàbínù bóyá ti ọdún yìí ni. Onítọ̀hún á ní bẹ́ẹ̀ ni. Hasabo á rìn yí ká, á dúró sí òdìkejì, á ní dàbínù ọdún tó kọjá ló wu òun jẹ. “Ti ọdún tó kọjá gan-an nìyí, bàbá.”

“Apá kan lo ti ké,” Hasabo á wí, á sì máa lọ.

Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n gbà pé bó bá ti fi nǹkan wé nǹkan, nǹkan yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó rí ẹ̀rọ tuntun tí Tayfur fi kọ́ èjìká, ó ní ó jọ adìẹ tí wọ́n ń gbé relé alápatà. Ẹ̀rọ náà kú kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Tayfur kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Láti ìgbà náà, bí Hasabo bá ń bọ̀, gbogbo àgọ́ á fi aṣọ bo ẹ̀rọ wọn. Ó wo àwọn aṣọ náà lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ó dà bí òkú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.” Wọ́n sáré ká aṣọ kúrò.

Ohun tó ń bí Tayfur nínú jù lọ ni kíkí. Kí ènìyàn tó wá nǹkan, ó ní láti máa gbé àwo sókè, kó máa sọ̀ ọ́ sílẹ̀, títí ariwo ilẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ni àwọn ẹlòmíì ń ṣe é. Hasabo ń ṣe é ní gbogbo ogún ìṣísẹ̀, á sì máa fi ẹnu kí ilẹ̀ náà: ṣé àlàáfíà ni, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Tayfur ní ilẹ̀ kan náà ni.

“Ilé mìíràn la dé yìí,” Hasabo dáhùn. “Ṣé wàá wọlé onílé láìkí i?”

Kódà nílé, nínú àgbàlá, ó mú kí Sittana di ẹ̀rọ mú. Á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á ní, “Rọra. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, jẹ́ kó parí.” Sittana ń ṣe é kí ó lè tètè wá jẹun ni.

Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè dúdú kí oòrùn tó mú. Òkúta wẹ́wẹ́ nìkan lojú ń rí. Tayfur gbé ọkọ̀ jìnnà kí òkúta inú àpò má bàa mú ẹ̀rọ ké, ó kí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ẹ̀rọ Hasabo wọ inú oòrùn. Gbogbo ibi tó dé ló ń ké. Ó fi ọwọ́ ha ilẹ̀ níbi mẹ́rin: ó rí agolo sàdíìnì, ìṣó kan, àti òpùrọ́ méjì. Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó jókòó, ó fi láwàní nu ojú, kò sì tètè gbé láwàní náà kúrò.

“Ìyá Rihab, ilẹ̀ ń pariwo jù. Mi ò gbọ́ irin rẹ̀ láàárín ariwo náà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kí i?”

“Mo kí i láàárọ̀.”

Sittana gba ẹ̀rọ náà. Ojú ń tì í, nítorí ọ̀gá awakọ̀ dúró lẹ́bàá katapílà, ó ń wò wọ́n, ó sì ń wo oòrùn. Ó gbé àwo sókè, ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́: ṣé àlàáfíà ni, ilé ńkọ́. Ilẹ̀ dákẹ́. Ó rìn ní ogún ìṣísẹ̀, ó tún kí i. Tayfur dìde, ó ń tẹ̀ lé e, kò sì sọ pé ilẹ̀ kan náà ni.

Níbi kejìlá tó ti kí i, ohùn kan jáde, ó rẹlẹ̀, ó jìn. Sittana gba ọ̀tún wá, ó ké. Ó rìn yí ká. Ó gba òsì wá, ó ké. Ó fi àwo tọ ohùn náà lọ. Ó gùn tó itan ọkùnrin.

Tayfur bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Hasabo,” ó ní, “o tún ti ń pè wá wá gbẹ́lẹ̀. A ò gbẹ́ ẹ lọ́tẹ̀ yìí.”

Ọ̀gá awakọ̀ wá, ó ri àsíá pupa mẹ́rin mọ́ ibẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó máa kọjá wọn. Sittana ní kí Tayfur lọ gbé àpò wá. Ó to àwọn òkúta dúdú náà yí ibojì ká lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo òpùrọ́ tí ọkọ rẹ̀ kó wálé.

“Ìyá Rihab,” Tayfur wí, “àwọn wọ̀nyí á máa ké o. Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀rọ kọjá níbí tí kò ní dúró.”

“Kí wọ́n dúró,” Sittana dáhùn, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́. “Kí wọ́n kí i.”