Àwo Kan Náà La Jọ Ń Jẹ

Ìró òfì ni mo fi ń mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti jí. Kí n tó mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, màá gbọ́ ọ láti ojúlé kejì: kó, kó, kó. Ọkàn mi á balẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ rìn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó lè gbé ọbẹ̀ kaná kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rí àbùkù nínú aṣọ òkè tó bá hun ní gbogbo Ìsẹ́yìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó kọ̀, kò kúrò nínú yàrá tí wọ́n jọ ń gbé. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó ní, “Ilé mi nìyí.”

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé fáìlì wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní àwọn ń wá àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn rí bẹ́ẹ̀, tó ń dá gbé, kí ẹnì kan lè máa yọjú sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa bá wọn ṣọ́ iná, kó sì máa mú wọn lọ ọsibítù, kí wọ́n má baà kúrò nílé wọn. Èmi kàwé dé ìwé mẹ́fà, ìyẹn ni pé mo mọ̀wé débi tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Gbogbo agbo ilé ti pé lé wa lórí. “Ó ń dá gbé” tí obìnrin náà ń sọ, etí mi gbọ́ ọ bíi pé, “Ẹ ti pa á tì.” Àwọn àgbà ṣáà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

“Bàbá, ta ló ń gbé pẹ̀lú wọn?”

“Wọn” ló pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀.

“Èmi ni. Wàláhì, àwo kan náà la jọ ń jẹ.”

“Irọ́ ni, Bàbá kékeré,” ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí. “Èmi nìkan ni. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ mi.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ má dá a lóhùn, ìyáàfin. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.” Ará ilé rẹ́rìn-ín tẹ̀lé mi. Obìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó fi báírò fa igi lé orúkọ rẹ̀.

Ọyẹ́ kò tíì lọ tí ẹ̀wà fi jóná lórí sítóòfù rẹ̀. Iná ran kọ́tìnì, ó ran òwú òfì. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà. Wọ́n ti gbé obìnrin yẹn lọ síbòmíràn. Ọkùnrin tó bọ́ sípò rẹ̀ ṣí fáìlì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹ̀yin lẹ búra, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ló ń gbé.”

Orí ọmọ kò wọ́ o. Èmi àgbà ni mo tẹ̀ ẹ́.

Irọ́ mi ti di òótọ́ báyìí. Pálọ̀ mi ló ń sùn, àwo kan náà la jọ ń jẹ, ayálégbé sì ti wà nínú yàrá rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń jókòó tì mí.

“Bàbá kékeré, ṣé ẹ ti sọ fún ìyá onífáìlì yẹn pé irọ́ lẹ pa?”

Mo ń mu ẹ̀kọ mi. Òfì kan kò dún lójúlé kejì.