Ilé Onítáyà Lórí Ilẹ̀ Bàbá Mi

Pósí ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ pè é. Ó dúró lẹ́nu géètì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wo ohun funfun rogodo tí mo fi píkọ́ọ̀pù ọkọ mi olóògbé wọ́ wọlé, ó ní, "Ìwọ náà lọ ra pósí onítáyà wá sílé." Mo ní kó má bínú, mi ò tíì rí pósí tó ní sítóòfù àti fèrèsé rí. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ bàbá kan náà ni wá, ìyá wa ló yàtọ̀, láti kékeré ni kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu mi jáde.

Kárafáànì ni nǹkan ọ̀hún. Ilé kékeré ni, táyà méjì ló gbé e dúró, ó ní irin gígùn kan níwájú tí wọ́n fi ń kọ́ ọ mọ́ ìdí mọ́tò. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́. Abala méjì ni, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n dé mọ́ra bí igbá àti ọmọrí rẹ̀, tí wọ́n wá fi rọ́bà yí ìbàdí rẹ̀ ká bí ọ̀já. Nínú rẹ̀, tábìlì kan wà tó ń di bẹ́ẹ̀dì bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, sítóòfù onígáàsì olójú méjì, síǹkì tí kò tóbi ju abọ́ ọbẹ̀ lọ, àti kọ́bọ́ọ̀dù lókè orí. Bí mo bá dúró láàárín rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí gèlè mi kan àjà.

Ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Èkó ni mo ti rí i, láàárín fìríìjì àti jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń tà á ní ó bá àwọn mọ́tò kan dé láti òkè òkun ni, àti pé látìgbà tó ti dé, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Mo lé adìyẹ jáde, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé màá rà á.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi débẹ̀. Bàbá mi ní ilẹ̀ oko ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n sì pín in fún àwa ọmọ kí wọ́n tó kú. Apá tó kọjú sí títì, níbi tí igi obì wà, ni tèmi. Ní Ìjẹ̀bú tiwa, obìnrin ń jogún bí ọkùnrin ṣe ń jogún, kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni kó tó jẹ nínú ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ìjọba ń gbé mi láti ìlú kan sí òmíràn, ilẹ̀ mi sì di igbó. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí ilé tí a jọ ń gbé wá tóbi jù fún èmi nìkan, ọkàn mi fà sí abẹ́ igi obì yẹn. Mo kó bíríkìlà lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá mi fi ìpìlẹ̀ yàrá méjì lélẹ̀. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, ilẹ̀ mọ́, a bá a pé àwọn kan ti wá fi yẹ̀pẹ̀ dí i padà lóru. A tún un gbẹ́, a to búlọ́ọ̀kù sí i, wọ́n fọ́ búlọ́ọ̀kù náà wẹ́wẹ́. Àwọn bíríkìlà ní àwọn ò fi ẹ̀mí àwọn wéwu nítorí ẹjọ́ ẹbí, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: òun ti rí ẹnì kan tó fẹ́ ra gbogbo ilẹ̀ náà fi kọ́ ilé epo, tèmi tó wà lẹ́bàá títì ló sì wù ú jù. Ó ní, "Ẹni tí kì í gbé orí ilẹ̀, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò gbé, kò lónílẹ̀."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, mo ń rò ó. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń rí fọ́. Bí ilé bá wà tí kò ní ìpìlẹ̀ ńkọ́? Èrò tó wà lọ́kàn mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo rí ilé onítáyà láàárín àwọn fìríìjì.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Èkó, pè mí lórí fóònù nígbà tó gbọ́. Ó béèrè bóyá inú ike ni mo fẹ́ máa gbé báyìí. Ó ní tó bá jẹ́ pé ilé ni mo ń wá, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kí n wá bá òun wo àwọn ọmọ. Mo sọ fún un pé mo ti tọ́ ọmọ tèmi, òun gan-an lẹ̀rí, àti pé mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń kó lọ kó bá wọn ṣọ́lé.

Òjò àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí. Omi gba etí fèrèsé wọlé, ó gba abẹ́ rọ́bà ìbàdí rẹ̀ wọlé, pákó ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ bíi búrẹ́dì tí a ki bọ tíì. Ẹsẹ̀ mi kan wọ inú rẹ̀ lọ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì sọ ọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pé pósí àbúrò òun ti ń jẹrà kí òkú tó wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sunkún nínú ilé mi, mo fi omi bọ́jú, mo kọ́ kárafáànì mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, mo wà á lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ọkùnrin kan tó ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé e lọ bá. Ó yí i ká, ó fi ọwọ́ kan ara rẹ̀, ó ní, "Àlájà, ọkọ̀ tí mò ń ṣe, ìta lomi máa ń wà. Inú ni tiyín fẹ́ gbà á sí." Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó ṣàlàyé pé fáíbà fúnra rẹ̀ kì í jẹrà, pákó inú rẹ̀ àti rọ́bà tó ti gbó ló jẹ̀bi. Ó fẹ́ kí n fi sílẹ̀ kí n máa lọ, mo ní mi ò lọ, màá bá a ṣe é. Ọ̀bẹ ni mo fi ń họ rọ́bà àtijọ́ kúrò létí fèrèsé. A hú pákó ilẹ̀ dànù, a tẹ́ tuntun, ó sì fi fáíbà bo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má ríbi kàn án mọ́. Eruku fáíbà wọ̀ mí lára, ó ń yún mi bíi wèrèpè, mo sùn sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀pẹ́ tí mo ń họra lórí ẹní. Nígbà tí a parí, ó gbé họ́ọ̀sì omi, ó fọ́n ọn sí i lára láti òkè délẹ̀. Èmi jókòó sínú, mo tilẹ̀kùn, mo ń fi ọwọ́ pa gbogbo igun rẹ̀ wò. Gbígbẹ ni wọ́n gbẹ.

Látìgbà yẹn ni mo ti mú un bí iṣẹ́. Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì gáàsì rẹ̀ tó ti sán. Fìríìjì kékeré inú rẹ̀ ti kú, mo yọ ọ́, mo fi àyè rẹ̀ ṣe ibi ìkó-gààrí-àti-ẹ̀wà. Mo fi àdìrẹ mi àtijọ́ rán kọ́tìnì, mo kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ fèrèsé. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé sólà sórí rẹ̀, ó ń gbé fáànù kan, gílóòbù, àti fóònù mi. Abẹ́ síǹkì ni kẹ́ẹ̀gì omi wà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ páńpù kékeré tó wà lára rẹ̀ kí omi tó jáde, ìyẹn sì dára fún àlùwàlá ju ẹ̀rọ lọ, torí kì í fi omi ṣòfò.

Wíwà á sẹ́yìn ló ṣòro jù. Bí èèyàn bá yí ọwọ́ mọ́tò sí òsì, ìdí kárafáànì á lọ sí ọ̀tún. Orí pápá ilé ìwé kan nítòsí ilé mi ni mo ti ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá igi máńgòrò, ó sán, ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi náà ní kí n lọ pe dírẹ́bà mi wá. Mo ní dírẹ́bà ni wọ́n ń wò yẹn.

Lọ́jọ́ tí mo kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo kírun àsùbáà tán, mo gbéra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọ fóònù láti ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí mo kọjá níwájú yunifásítì wọn ní Ìjagun. Ọlọ́pàá kan dá mi dúró, ó béèrè ohun tí mo gbé. Mo ní ilé mi ni. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ó rí ìkòkò àti tìmùtìmù, ó ní kí n máa lọ.

Mo ti ní kí wọ́n bá mi ṣán igbó sílẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ igi obì, ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ sí gábàsì kí n lè máa kírun nínú rẹ̀ láìyí ara po. Mo fi búlọ́ọ̀kù ti igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé omi tíì kaná.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, dé kí tíì náà tó tutù. "Gbé nǹkan yìí kúrò níbí," bó ṣe wí nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí kì í gbé orí ilẹ̀ kò nílẹ̀. Mo ti dé. Mò ń gbé orí rẹ̀."

Ó ní èyí kì í ṣe ilé. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń pe ibi tí èèyàn ti ń sùn, tó ti ń dáná, tó ti ń kírun. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, mo lọ sọ́jà, mo dé, mo bá táyà méjèèjì tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé wọn. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì rò ó pé bóyá kí n pe ọmọ mi kó wá mú mi. Lẹ́yìn náà ni mo wo táyà yẹn dáadáa, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi. Mo dìde, mo wọ hìjáàbù mi, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní tààràtà. Mo bá Ìyá Kékeré níbẹ̀, àbúrò bàbá wa obìnrin, ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá wa pín ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá gé táyà mi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí n fi lélẹ̀, ó ti bá mi fi lélẹ̀. Ilé mi ò lè kúrò níbẹ̀ mọ́." Ìyá Kékeré wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Kékeré ti ń wá sọ́dọ̀ mi. Wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá se ìkọ́kọrẹ́ lórí sítóòfù olójú méjì, wọn á máa sọ bí bàbá mi ṣe gbin igi obì yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ dé, pẹ̀lú awọnlẹ̀ kan tó gbé okùn àti èèkàn irin lọ́wọ́. Olùrà náà tọ́ka sí kárafáànì, ó béèrè ẹni tó ni ín. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní ẹrù tí ẹnì kan fi pamọ́ ni, wọ́n máa gbé e kúrò.

Mo ṣílẹ̀kùn, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Èmi ni onílé."

Olùrà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ṣebí ẹ ní kò sẹ́ni lórí ilẹ̀ yìí?" Kí ẹ̀gbọ́n mi tó rí nǹkan sọ, Ìyá Kékeré gbé abọ́ wọn sílẹ̀. Wọn ò pariwo. "Ojú mi ni wọ́n ṣe pín in," wọ́n ní. "Ti ọmọ yìí nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ta tiẹ̀, kó lọ ta tiẹ̀, ọ̀hún ló wà."

Olùrà náà sún mọ́ ilé mi, ó fi ìka kan ògiri rẹ̀ kọ́kọ́kọ́, ó yọjú wo bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì àdìrẹ, ó béèrè ibi tí mo ti rí i rà. Mo sọ fún un. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ilẹ̀ lòun wá rà, òun ò wá ra ẹjọ́. Awọnlẹ̀ ká okùn rẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Mo ti ra táyà tuntun, torí n ò ra ilé onítáyà kí n lè so ó mọ́lẹ̀ títí ayé. Ọmọ mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó fi orí gbá kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣàròyé títí, nígbà tó sì di àárọ̀, ó ní ṣé a lè wọ́ ọ lọ sí etí òkun. Mo ní a máa lọ. Mo ti fi tapólì ṣe ìbòji síwájú rẹ̀, mo ti gbé bátìrì tó lágbára sí i, fìríìjì kékeré tuntun ló kù. Àwọn kan ń gbà mí nímọ̀ràn pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti rọlẹ̀, kí n wá kọ́ ilé gidi. Mo ní gidi nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kadà rẹ̀ ń gba iwájú ilé mi kọjá láràárọ̀ bó bá ń lọ sóko, á sì kọjú sí apá kejì títì. Màá gbé ife tíì mi sílẹ̀, màá kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Kì í dáhùn. Mo kí i láàárọ̀ yìí náà.