Ojú Ọ̀gá Lórí Ọwọ́ Jẹ́jẹ́

Ẹni tó bá mọ obìnrin oníkéèkì yìí, Kíákíá ló ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Bó bá rán ènìyàn níṣẹ́, kí onítọ̀hún tó débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ti débẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́! Bí ara òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ò bá yá, òun ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Fà á sọ́tùn-ún. Rárá, òsì! Ṣé o rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Ọkùnrin tó ń bá a to kéèkì, tó ń fi áísìn ṣe òdòdó sí i lára, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má sọ ju "ẹ káàárọ̀ mà" àti "ó dàbọ̀ mà" lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àrímáleèlọ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kéèkì tó bá ti tò níṣojú ọ̀gá rẹ̀ ló ń tẹ̀ sápá kan. Ọ̀kan tiẹ̀ wó lulẹ̀ lójú oníbàárà. Làwọn aráàdúgbò bá rí ohun tí wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá oníkéèkì, ṣé èyí tó máa dúró lẹ gbé wá, àbí èyí tó máa dọ̀bálẹ̀ kí wa?"

Kíákíá ò rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ ọ́ fún Jẹ́jẹ́ lójúkojú pé bí tòní bá fi lè ṣubú, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́rin ni tòní, ìyá ìyàwó sì jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí kéèkì yìí bá wó, ṣọ́ọ̀bù náà wó nìyẹn.

Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń tò ó. Àjà kìíní jókòó. Èkejì jókòó. Jẹ́jẹ́ wá gbé ẹ̀kẹta, Kíákíá ti dúró gbagidi sẹ́yìn rẹ̀.

"Rọra! Mo ní kó o rọra!"

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ yẹ̀, etí kéèkì ha ara wọn, áísìn ya. Ó gbé àjà kẹta náà padà sórí tábìlì, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.

"Họ́wù! Kí lo dúró wò? Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

Kò dáhùn. Inú túbọ̀ bí Kíákíá, torí lójú tiẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sí tí kò fèsì, ìwọ̀sí ló fi ń lọni. Bó ṣe fẹ́ tún la ẹnu ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lọ́wọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń wa ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. Lẹ́nu iṣẹ́, Kíákíá ni ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò lè ní kí ẹ̀gbọ́n má bá òun wí.

"Àbúrò mi, nígbà tó o lọ bá ọmọ rẹ tọ́jú ìkókó, ta ló ń to kéèkì?"

"Jẹ́jẹ́ ni."

"Èwo ló wó níbẹ̀?"

Kíákíá fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀kan tó wó níbẹ̀.

"Ìka ò dọ́gba. Ìwọ, àfi tí ariwo bá wà kó o tó lè ṣiṣẹ́. Èmi, bí mi ò bá rí ẹni bá ṣàwàdà lójú ọ̀nà, oorun á gbé mi lọ. Ti Jẹ́jẹ́, bí èèyàn bá ti ń wò ó lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀hún á kú ni. Ojú rẹ ló ń ti kéèkì yẹn ṣubú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ ń sọ pé..."

"Ìwọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó rántí àwọn méjì tó ti ṣiṣẹ́ yìí ṣáájú Jẹ́jẹ́, tí wọ́n lọ láìdágbére. Ó yọjú sínú yàrá.

"Mo wà níta. Mi ò ní wọlé àfi tó o bá pè mí."

Ló bá pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ wá wo ìyà! Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ìyá ìyàwó dé, ó lóun fẹ́ wo kéèkì. Kíákíá dí ojú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún un láyè díẹ̀ sí i."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, mà."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí nǹkan fi ró gbì nínú yàrá. Yéè! Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Ìyá ìyàwó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó. Ó fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí. Ó ká ọwọ́ náà kúrò, ó sì gé ètè rẹ̀ jẹ.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn tí kò gbọ́ rí, ohùn Jẹ́jẹ́ tó lọ sókè gan-an:

"Ọ̀gá! Ẹ wá bá mi di àga mú!"

Ó bẹ́ wọlé. Àga kan ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Jẹ́jẹ́ wà lórí òmíràn tó ń mì, àjà tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, òdòdó sì ti bo ibi tí áísìn ti ya lára ẹ̀kẹta. Kíákíá kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àga mú. Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ibo ni kí n máa wò?"

"Ògiri, mà."

Ó kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ tí Jẹ́jẹ́ ń mí lókè orí rẹ̀.

"Ó ti jókòó, mà."

Kíákíá ò tíì yíjú.

"Ṣé kí n wò ó?"