Irun Ta Ni A Sin sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú?

Ọkọ mi kú sínú omi tí ìjọba méjì ń jà lé lórí. Olúyẹmí lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú n'Ìbàdàn níbí. Ọdún 1994 ló kú, lókè réré tí ayé fẹ́ parí sí, níbi tí yìnyín wà. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbà pé òkú ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí, torí ayé sójà la wà, Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí tó ń ṣojú kọ́ńpìnnì ọkọ̀ ojú omi náà ní Lagos sì ti sọ fún mi pé òun mọ ilé mi, òun mọ ibi tí ọmọ mi ń sùn. Bí mọ́tò bá rọra ń bọ̀ lẹ́yìn mi ní Bẹẹrẹ, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń yà sí. Màá sọ ọ́ náà.

Ẹni tí mò ń wí yìí, òtútù lọ̀tá ẹ̀. Oṣù kẹta tí oòrùn ń yan páànù lórí ilé, omi gbígbóná ló fi ń wẹ̀. Àwọn ọmọ agboolé ń pè é ní Bàbá Omi Gbígbóná. Á ní, "Ẹ jẹ́ kọ́yẹ́ dé ná, ẹ ó wá yá a lọ́wọ́ mi." Irun ẹ̀ ki bí igbó. Èmi ni mo máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́jọ́ Sátidé, ká tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Bó bá tún kán eyín òòyà mi, á ní, "Ìyàwó, ra onírin." Ẹni tó ń sá fún ọyẹ́ yẹn ni àìríṣẹ́ lé dé inú yìnyín. Àpápá ló ti ń já pánlá látinú ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un wọ ọkọ̀ apẹja.

Gabriel, ọmọ Ìdí Arẹrẹ, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ló wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa. Ó ní yìnyín ló bo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi ẹ̀ wá ń lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, yìnyín ń yọ́, ẹja sì ń sá gòkè lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò dé rí. Bẹ́ja ṣe dé báyìí, ìjọba kan ní òun lòun ni omi náà, ìjọba kejì ní irọ́ ni, tòun ni. Ọkọ̀ ogun ìjọba kìíní ló sáré dé, ó gé àwọ̀n wọn kúrò nídìí ọkọ̀. Okùn irin tó já ló gbá ọkọ mi sómi.

"Wọn ò wá a ni?" mo bi í.

"Àwọ̀n làwọn ọlọ́kọ̀ ogun yẹn kọ́kọ́ wá," Gabriel ní. "Ẹja inú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé lọ ilé ẹjọ́. Ìgbà tí wọ́n fà á tán ni wọ́n wá fa òun."

Lọ́yà kan ní Mápó bá wa kọ̀wé sí gbogbo wọn, ó sì fi sùúrù là á yé mi. Òfin àgbáyé wà lórí òkun. Orílẹ̀-èdè tó wà létí omi ló ni ìwọ̀n kan nínú ẹ̀, ìyókù jẹ́ ti gbogbo ayé. Ọkọ̀ tó bá wà níbi tó jẹ́ ti gbogbo ayé, orílẹ̀-èdè tó ni àsíá orí ẹ̀ ló ni ẹjọ́ ẹ̀. Àsíá orí ọkọ̀ tiwọn ńkọ́? Ti erékùṣù kékeré kan ni, tí oòrùn ń pa, táwọn ará ibẹ̀ ò fojú kan yìnyín rí. Kọ́ńpìnnì kàn yá àsíá wọn ni.

Ẹ wá gbọ́ èsì wọn. Ìjọba tó gé àwọ̀n ní ibi tí ọkọ mi bọ́ sí ti kọjá omi òun. Ìjọba kejì ní kì í ṣe òun ló gbé òkú. Alásíá ní ká lọ bá kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì ní ká lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí. Ó mà dáa o. Ìgbà tó jẹ́ ẹja, omi wọn ni, wọ́n gbé ìbọn tì í. Ìgbà tó di òkú, kò sẹ́ni tó ni omi náà mọ́. Irú òfin wo ló mọ ẹja lọ́mọ tí ò mọ èèyàn?

Nígbà tí Akínwùmí wá sílé wa, Bàbá Hezekiah, baálé wa, sọ fún un pé bí wọn ò bá lè gbé òkú wá, kí wọ́n gé irun àti èékánná ẹ̀ wá fún wa. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn fẹ́ni tó kú sájò, ká lè gbẹ́lẹ̀ yàrá, ká sin ín ti àwọn baba ẹ̀. Bí a ò bá ṣe é, ó ṣì ń rìn kiri nìyẹn. Akínwùmí rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó padà wá, ó mú àpò ọ̀rá kékeré kan dání.

"Ẹ sin ín," ó ní. "Bí ẹ bá ti sin ín, kọ́ńpìnnì ti dá òkú padà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tán."

Mo wo inú ọ̀rá. Èékánná díẹ̀ wà níbẹ̀. Irun náà nà gbọọrọ, ó pọ́n bí okùn àgbọn, ó ń dán.

Ìyá ọkọ mi gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń fi ìka pa á. "Òtútù ibẹ̀ ni," wọ́n ní. "Òtútù ló na irun ọmọ mi."

"Omi iyọ̀ náà ń na irun," Bàbá Hezekiah ní. Wọn ò wojú mi.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Bàbá, irun òyìnbó lèyí."

Akínwùmí gbọ́. "Ìyàwó kékeré, o ti wá di onígbàjámọ̀?"

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, ìyá ẹ̀ ò tíì sùn látìgbà tá a ti gbọ́. Jẹ́ kó sùn."

Mo dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá tí ọkọ mi ti máa ń wọ súwẹ́tà sùn, àlùfáà pe orúkọ ẹ̀ lé irun onírun lórí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Ìyá ọkọ mi sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ́tọ́lá, ọmọ mi, ń kọ́ ìrìn lórí ẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin kọ́ńpìnnì, ta lẹ gé irun ẹ̀? Ṣé ẹlòmíì náà kú nínú omi yẹn, tí ìyá ẹ̀ ṣì ń wọ̀nà? Àbí ilẹ̀ ilé onígbàjámọ̀ kan ní Lagos lẹ ti gbá a? Níbo lẹ wá gbé ọkọ mi sí, sínú yìnyín pẹ̀lú ẹja? Ìjọba tiwa náà ńkọ́? Ẹni tó bá bú sójà, bó wọ ihò eku, wọ́n á fà á jáde. Ọmọ wọn tó kú sókun, wọ́n ní ibẹ̀ jìnnà.

Ẹni tó bá lóun ló ni omi yẹn, kó jáde wá sọ pé òun náà ló ni òkú inú ẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀, kó kó ọkọ̀ ogun ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kí Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí sì padà wá s'Ísàlẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́sàn-án gangan, kó fọwọ́ ara ẹ̀ fọ́ sìmẹ́ǹtì yẹn, kó wú irun náà jáde lójú ìyá ọkọ mi, kó sọ orúkọ ẹni tó ni ín fún wọn.