Àtẹ̀gùn Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ní Dwarka

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tó lè mú ènìyàn bínú láì gbé ohùn sókè, kó wá ìyá ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi, ará Índíà, ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Adabraka, ní Accra. Èmi ni mo ń wọn aṣọ fún àwọn oníbàárà. Ìyá rẹ̀ a máa jókòó sórí àga lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a sì máa wo ọwọ́ mi bí mo bá ń wọn yáàdì, bí ẹni pé mo fẹ́ jí ìka ara mi gbé lọ. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ èdè tirẹ̀. Èdè Twi tí àwa méjèèjì kó lẹ́nu àwọn oníbàárà la fi ń bá ara wa jà.

Orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan mo fi òrí pa á fún un, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án mọ́. Àánú tí mo ṣe nìyẹn, òun ló kó bá mi. Nígbà tó sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1969 pé òun fẹ́ lọ kí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ilẹ̀ wọn kí òun tó kú, tí ọmọ sì ní ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí òun ráyè, èmi ni gbogbo wọn yíjú wò. Kí n tó lè wọ bàálù, mo ní láti lọ gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àwọn aṣojú Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tí n kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Lagos Town ní Accra, láàárín àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀, ni wọ́n bí mi sí.

Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Mùsùlùmí ni, ó ń ta ọṣẹ àti òrí lọ́jà, ààwẹ̀ Ràmàdáánì sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí irú ààwẹ̀ tí mo fẹ́ máa gbà káàkiri ilé òrìṣà. Ṣùgbọ́n arúgbó náà wá sí ilé wa fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó di ọwọ́ ìyá mi mú. Twi ti ìyá mi dán mọ́rán, tirẹ̀ dà bí ọ̀nà oníkòtò, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, ìyá mi ti gbà. Ó ní ẹni tó fẹ́ lọ dágbére fún Ọlọ́run rẹ̀ kò ṣeé dá dúró. Ó bi mí ní ọjọ́ tí màá dé, mo ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní òun á máa wò mí lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan ló bí, kì í sì í dá ọjọ́ kó yẹ̀ ẹ́.

Ọmọ àbúrò arúgbó náà, ọkùnrin kan tó ti lé lógójì ọdún, ló pàdé wa ní Bombay. Òun ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò tó là sílẹ̀ fún mi rọrùn: Modhera, Somnath, Dwarka, ká sì padà. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà tó o. Kò tíì mọ irú ẹni tí arúgbó náà jẹ́.

Tẹ́ńpìlì oòrùn ló wà ní Modhera. Òkúta ni gbogbo rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ènìyàn àti erin sára rẹ̀ dé ibi tí ojú kò lè kà á tán, adágún omi sì wà níwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sin ohunkóhun níbẹ̀ mọ́ láti ayébáyé. Mo rò pé a máa wò ó, ká sì máa lọ. Arúgbó yìí tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó jókòó síwájú ilé tí òrìṣà rẹ̀ ti kó kúrò, ó ń fa tẹ̀sùbáà tirẹ̀ títí oòrùn fi yí. Èmi dúró tì í pẹ̀lú agboòrùn, ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ, ààwẹ̀ ń gbà mí. Nígbà tí mo ní ká máa lọ, ó ní oòrùn fúnra rẹ̀ kò kánjú.

Ọjọ́ Ẹtì la dé Somnath, létí òkun. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà làwọn ọmọ ogun ti wó tẹ́ńpìlì yẹn, tí àwọn tó ni ín sì ń tún un kọ́. N kò wọlé. Mo ń mú un dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin inú ilé á gbà á lọ́wọ́ mi, èmi á sì dúró ti bàtà rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíì rí mi tí mo dúró ti bàtà, ni wọ́n bá ń bọ́ tiwọn síwájú mi. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bí ogójì bàtà ló yí mi ká, ọkùnrin kan sì ń bá mi jà lédè tí n kò gbọ́ pé tòun sọnù. Obìnrin kan tó bọ̀ láti inú tẹ́ńpìlì fẹ́ fi àkàrà aládùn sí mi lẹ́nu tipátipá. Mo gbà á, mo sì so ó mọ́ eteetí ìborùn mi di ìgbà ìṣínu. Èèrà ló jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn tẹ́ńpìlì Índíà, bàtà ni mo mọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, ọmọ àbúrò arúgbó náà ti ilé ìfìwéránṣẹ́ dé pẹ̀lú wáyà, ìwé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ láti Accra. Ó kà á fún un. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ilẹ̀. Mo béèrè bóyá kò sí nǹkan. Arúgbó náà ní ọ̀rọ̀ ọjà ni. Mo gbà á gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ọjà kì í tán lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Mo ti di ẹrù wa tán tó fi sọ pé a kò tíì ní lọ. Ó ní Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ òrìṣà Somnath, pé ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ tí kò dúró de Ajé, bí ẹni tó kí ènìyàn lẹ́yìn ilé tó sì lọ ló rí. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ka ọjọ́ fún un lórí ìka: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Mo ní ìyá mi ń retí mi. Ó ní kí n wá fi òrí pa orúnkún òun. Mo pa á. Mo pa á le ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú tí mo dá fún ìyá mi gan-an la dé Dwarka. Láti etí odò, àtẹ̀gùn òkúta mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló gòkè lọ sí tẹ́ńpìlì, àsíá ńlá kan sì ń fẹ́ lórí rẹ̀. Arúgbó náà wẹ ẹsẹ̀ nínú odò. Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò rẹ̀ ti fà mí sẹ́yìn. Ojú ń tì í, ó hàn gbangba. Ó na wáyà náà sí mi.

Ìjọba Ghana ti ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi ti wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Adabraka láti bèèrè ọjọ́ tí mo ń bọ̀. Àwọn ẹbí wa ń di ẹrù, àmọ́ ó ní òun kò ní lọ láìsí mi. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n dá mi padà lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Mo lọ bá arúgbó náà létí odò, n kò sì kúnlẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀.

Kò purọ́. Ó ní, “Bí mo bá sọ fún ọ ní Somnath, ṣé o máa dúró?”

Mo ní rárá.

“Ta ni ì bá mú mi gun èyí?” Ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn.

Ó wá ń ṣàlàyé fún èmi tí n kò bẹ̀ ẹ́ kó ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ Índíà sí méjì lọ́dún 1947, wọ́n lé àwọn náà kúrò ní ìlú wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn lọ sí Bombay. Ọ̀nà òkun yẹn gba iwájú Dwarka kọjá. Ó rí àsíá yìí láti orí ọkọ̀, gbogbo ènìyàn ń sunkún, ọkọ̀ kò dúró. Ọkọ rẹ̀ ṣèlérí pé òun á mú un padà wá, ó sì kú sí Accra láì mú un wá. Ọdún méjìlélógún nìyẹn.

Mo ní, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ bó ṣe ń rí, Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe é fún mi.”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí n kò fi sọ nìyẹn.”

Ó wù mí kí n fi í sílẹ̀ létí omi. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ wọn, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ pé torí ìyẹn nìkan ni. Arúgbó ni. Ìyá mi ló fi mí lé e lọ́wọ́. Mo fi apá kọ́ apá rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ó ń sinmi lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ó ń dúpẹ́, èmi ń ka ìyókù sínú. N kò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí sí ẹnikẹ́ni tí mo dì mú dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo dé Accra, èmi nìkan; arúgbó náà dúró lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú wo ìwé Nàìjíríà mi, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní Alata gbogbo, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ń jáde, èmi ń wọlé. Ọjọ́ méjì ló kù nínú gbèdéke náà. Mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò wọn, dé Lagos Town, ilé tí mo ń kọjá kò ní ẹnìkan mọ́, ìlẹ̀kùn ń lù fúnra wọn.

Onílé wa, obìnrin ẹ̀yà Ga kan tó dà bí ìyá fún mi, ló pàdé mi ní àgbàlá. Kò lè wò mí lójú. Ó ní àwọn ẹbí ìyá mi ti lọ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò bá wọn lọ. Láti Ọjọ́rú ló ti ń gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn sààrì, tí kì í sì í wọlé títí di ìṣínu. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo dé gan-an ni lọ́rì tó kẹ́yìn ní àdúgbò wa fẹ́ gbéra. Àwọn ará ilé gbé ẹrù rẹ̀ sókè, wọ́n sì gbé òun náà lé e. Wákàtí mẹ́fà péré kí n tó dé. Ìyá mi ti se ẹ̀wà sílẹ̀ fún mi.

Onílé ní, “Ó ní bó o bá dé, kí n sọ fún ọ pé kó o jẹun kó o tó sunkún.”

N kò lè tẹ̀ lé àṣẹ yẹn. Mo sunkún títí di ìṣínu, lẹ́yìn náà ni mo jẹun.

Ó gbà mí ju oṣù kan lọ kí n tó rí i. Àwọn kan ní ó wà ní Èkó, àwọn kan ní wọ́n rí i ní Cotonou. Yàrá ẹ̀yìn kan nílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti bá a, láàárín àwọn ìbátan tí wọ́n ń fi Yorùbá rẹ̀ tó kún fún Twi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, ó gbé mi dìde, ó wò mí títí.

Ó bi mí pé, “Ìyá yẹn, ṣé ó dé ibi tó ń lọ?”

Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi: wáyà, Ọjọ́ Ajé, àtẹ̀gùn. Mo ní, “Ó dé ibẹ̀, Màámi.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Alihamudulilai. Mo ń sọ fún wọn lórí lọ́rì pé ara rẹ̀ ni kò yá lọ́nà, pé o kò lè fi aláìsàn sílẹ̀. Wọ́n ní o ti gbàgbé mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ara rẹ̀ kò yá. Bí ìyá mi ṣe gbà á nìyẹn títí ó fi kú.